Ìdérí Píjìnhólù Tí Kò Gba Títì

Kí n tó ki ẹnu bọ ọ̀rọ̀ yìí, mo ti gbé sípánà mi, mo sì ti gé e jẹ. Ẹni tó bá mọ ohun tí irin jẹ́ sí àwa oníṣẹ́ ọwọ́ yóò mọ̀ pé n kò ní fi ẹnu kan náà purọ́. Ó ṣẹlẹ̀. Ó ṣojú mi, ọwọ́ mi sì wà níbẹ̀, èyí ló ń bí mi nínú jù.

Ọjọ́ Ajé kan ni Alhaja Zulaihat wa mọ́tò àtijọ́ kan, aláwọ̀ ewé, wá sábẹ́ àtíbàbà mi ní Bẹẹrẹ. Iṣẹ́ kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ni mò ń ṣe: ìlẹ̀kùn tí kò ṣí, búùtù tí kò padé. Tirẹ̀, píjìnhólù ni, àpótí kékeré tó wà níwájú ẹni tó bá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Ìdérí rẹ̀ kì í dúró. Bí a bá ti tì í, yóò já wálẹ̀ bí àgbọ̀n arúgbó tó ń sùn lórí ìjókòó.

Mo wo ẹnu rẹ̀. Ike ni ahọ́n tó ń há ìdérí náà mọ́ ara mọ́tò, ó sì ti kán. Iṣẹ́ wákàtí kan. Mo gé ahọ́n tuntun lára àdá tó ti gbó, mo fi fáìlì rẹ́ ẹ títí ó fi tẹ̀ kọrọdọ bí èékánná àwòdì, mo sì fi sípíríìnì tó le tì í lẹ́yìn. Nǹkan kan ṣoṣo ló wà nínú àpótí náà: awọ pupa kan tí wọ́n rán pa, kò tóbi ju páálí ìṣáná lọ. Alhaja ní kí n má fọwọ́ kàn án. Tírà tí mo ti rí nínú mọ́tò ju irun orí mi lọ, n kò bèèrè. Àmọ́ bí mo ṣe ti ìdérí náà tó dún 'kẹ́', mo gbọ́ tí ẹnì kan mí kanlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí mi. Mo wo ẹ̀yìn. Kò sí ẹnì kankan. Alhaja wà lókèèrè, ó ń bá ẹni tó ń ta àgbàdo sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ kejì ó padà.

"Bàbá, iṣẹ́ yín kò dáa."

Mo bi í pé ta ló ṣí i. Ó ní ó ṣí fúnra rẹ̀, níwájú ilé bàbá òun ní Bẹyẹrúnká. Mo sọ fún un pé irin kì í ṣí fúnra rẹ̀. Mo tú u, mo wò ó, kò sí ohun tó ṣe é. Mo pààrọ̀ sípíríìnì, mo tún ahọ́n náà rẹ́. Ní ọjọ́ kẹta ó tún dé. Inú bí mi. Mo ti ṣí ohun tó tì ní Kánò, mo ti ti ohun tó ṣí ní Kùtọnu, mo ti sùn lábẹ́ tírélà láàárín Mọ́kwà àti Jẹ́bà nínú òjò, kò sí ìdérí tó tíì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ rí. Mo lu ihò méjì sí i lójú, mo sì fi àgádágodo há a níta bí ilé ìtajà. Ó burẹ́wà. Ìbínú mi ti kọjá ẹwà.

Ọjọ́ kẹrin, obìnrin náà tún gbé e dé. Àgádágodo ń fì lára ihò kan, ó lanu, kò kán, kò ní àpá. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ méjèèjì sì wà lápò ṣòkòtò mi, mo gbàgbé láti fún un. Samuel, ẹni tó ń fẹ́ táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, rẹ́rìn-ín títí ó fi dá ọwọ́ dúró. "Bàbá," ó wí, "ẹ lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ìdérí yẹn."

Mo ti àgádágodo náà padà, mo wọnú mọ́tò, mo jókòó síwájú. Mo ní kí Alhaja máa wà á lọ, mo fẹ́ fojú rí ẹni tó ń ṣe mí.

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kí ìrun alásàrí tán ni, oòrùn ṣì ń jó lórí àwọn páànù tó ti dípẹtà. A gba abẹ́ Mápó, a sọ̀ sí Ọjà'ba, a yí padà, a tún gba ibẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Mo bi í pé kí la ń yí ìlú po fún. Ó kàn ń wà á lọ. Mo tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi lé ìdérí náà, n kò sì gbé e kúrò.

A dé ẹnu ọ̀nà agboolé wọn ní Bẹyẹrúnká, ó pa mọ́tò. Nígbà náà ni nǹkan ti ọwọ́ mi láti inú àpótí. Mọ́tò ti dákẹ́, kò sí ohun tó ń gbọ̀n. Ó rọra tì mí, ó sinmi, ó tún tì mí, bí ẹni tó ń fi orúnkún wá àyè lórí ibùsùn tó há. Òórùn káńfọ̀ àti ti ẹnu aláìsàn fẹ́ sí mi lọ́wọ́. Àgádágodo náà ṣí lójú mi. Ìdérí wálẹ̀ sórí itan mi.

Alhaja na ọwọ́ kọjá àyà mi, ó tì í kíá. Fèrèsé kan nínú ilé náà ló ń wò.

"Ẹ sọ ohun tí ẹ ní kí n máa tì," mo wí, "tàbí kí n sọ̀ kalẹ̀."

Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó wà nínú mọ́ṣáláṣí. Yésúfù ni bàbá rẹ̀, awakọ̀ ni nígbà tó lágbára, òun ló ni mọ́tò náà. Ó ti pẹ́ tí ó ti fi àyè sàréè méjì sílẹ̀ nínú ilé, ti òun àti ti ìyàwó rẹ̀. Ní ọdún méje sẹ́yìn, ìyàwó náà, ìyá Zulaihat, kú nígbà tí bàbá wà lẹ́yìn odi. Zulaihat ń gbé Òkè-Àdó nígbà yẹn, ó ní ayé ti lajú, wọn kì í sin òkú sínú ilé mọ́. Ó gbé ìyá rẹ̀ lọ sí itẹ́ òkú ìgboro kí bàbá tó dé. Láti ọjọ́ náà Bàbá Yésúfù kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Kò bú u, kò ṣépè. Kò kàn la ẹnu sí i ni.

Lẹ́yìn ààwẹ̀ tó kọjá, àìsàn dé, gbogbo agboolé sì mọ̀ pé àgbà ti ń lọ. Zulaihat tọ Àfáà Ishaq lọ. Kò ní kí bàbá òun má kú. Ó ní kó dúró kí ó dárí ji òun ná. Àfáà kọ orúkọ ọkùnrin náà mọ́ ti ìyá tó bí i, ó rán an sínú awọ, ó ní kí wọ́n tì í mọ́ inú ohun tí bàbá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ wà, kí wọ́n sì máa gbé e yí ìlú po lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́. Bí ikú bá wá a délé, kò ní bá orúkọ rẹ̀ níbẹ̀.

Ọjọ́ méjìdínlọ́gọ́rin rè é, ó ní. Bàbá ò kú. Bàbá ò sì sọ̀rọ̀.

Mo wọlé lọ wò ó. Ó dùbúlẹ̀ lórí ẹní lẹ́bàá ògiri, ó ti gbẹ bí ẹja òrùlé. Mo wo àyà rẹ̀ títí. Kò gbéra, kò rẹlẹ̀. Ojú rẹ̀ nìkan ló ń yí. Ó di ọwọ́ mi mú, ọwọ́ tirẹ̀ tutù, ó fà mí wá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì ká aṣọ kúrò. Àpá kan wà lára ìhà rẹ̀, ó tẹ̀ kọrọdọ bí èékánná àwòdì. Ihò kékeré méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bí wọ́n ṣe jìnnà síra gan-an nìyẹn nígbà tí mo fi dírílì lu wọ́n sára ìdérí. Mo mọ iṣẹ́ ọwọ́ mi.

Mo jáde bá obìnrin náà lẹ́nu ọ̀nà. N kò pè é ní Alhaja mọ́.

"Ṣe ìwọ ò rí ìyà tó ń jẹ bàbá rẹ ni?"

Omi ti dà lójú rẹ̀. "Ọ̀rọ̀ kan péré, Bàbá. Kí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ kan péré fún mi."

"Kí ló fẹ́ fi sọ ọ́? Èémí tí èèyàn fi ń sọ̀rọ̀, inú mọ́tò lo tì í mọ́."

Ó hàn lójú rẹ̀ pé kò ronú kan ìyẹn rí. Ó fún mi ní kọ́kọ́rọ́ mọ́tò.

Mo tú ahọ́n irin náà kúrò, mo tú ìdérí fúnra rẹ̀, mo jù ú sẹ́yìn. Mo fi bíléèdì la awọ pupa náà. Bébà kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀. Mo lè ka kéú díẹ̀, orúkọ èèyàn méjì ló wà níbẹ̀: Yésúfù, àti ti ìyá rẹ̀. Kò sí òmíràn. Ẹni tó so ó ni í tú u, nítorí náà Zulaihat gbé bébà náà lọ sí ẹ̀yìnkùlé, sí etí kànga, láti fọ tàdáwà tí wọ́n fi kọ ọ́ kúrò sínú abọ́. Èmi jókòó ti bàbá kó má baà dá wà.

Mo gbọ́ tí ó da omi. Àyà ọkùnrin náà gbéra. Èémí wọlé sí i bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde nínú odò. Mo kígbe pé kí Zulaihat máa bọ̀ kíákíá. Bàbá yí orí. Kò yí i sí ẹ̀yìnkùlé. Ìta ló yí i sí, níbi tí mọ́tò wà, ó sì wò ó pẹ́. Ó sọ̀rọ̀ kan, ketekete, ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. Lẹ́yìn ìyẹn èémí náà jáde, kò sì padà wọlé.

Zulaihat sáré wọlé, omi dúdú ń kán ní ọwọ́ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀. Ó fọwọ́ kan ojú bàbá rẹ̀. Ó gbé orí sókè wò mí.

"Mo gbọ́ ohùn wọn. Kí ni wọ́n wí?"

Irọ́ tó lè tù ú nínú ti wà lẹ́nu mi, kò sì gùn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìkẹyìn òkú, àmáánà ni. Ẹni tó gbọ́ ọ ló rù ú, kò gbọdọ̀ bu nǹkan lé e.

"Wọ́n dárúkọ mi?"

Mo ní rárá.

"Kí ni wọ́n wá wí, Bàbá?"

"Wọ́n ní, 'Èmi nìkan kọ́ ló wà nínú àpótí yẹn.'"