Ọkùnrin tí Òtútù Mú Nínú Yàrá Ooru

Ọkùnrin tó jókòó sínú Yàrá Ooru náà ní kí wọ́n jọ̀wọ́ bá òun wá nǹkan tí òun máa fi bora, òtútù ń mú òun.

Dókítà obìnrin tó ń ṣọ́ ọ láti ẹ̀yìn gíláàsì kọ́kọ́ rò pé àwàdà ni. Ọ̀sán gangan ni. Ẹ̀rọ tó ń mú yàrá náà gbóná ti ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀, afẹ́fẹ́ inú ibẹ̀ sì ti gbóná ju ara ẹni tí ibà ń dà láàmú lọ. Bí èèyàn bá wọ ibẹ̀, kó tó fìdí kan àga, òógùn á ti máa ṣàn láti iwájú orí rẹ̀ bọ̀ sí àgbọ̀n. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe nílé ìwádìí náà nìyẹn. Wọ́n fẹ́ mọ bí ara èèyàn ṣe ń bá ooru jà, bí ọkàn ṣe ń sáré, bí òógùn ṣe ń mú awọ ara tutù, àti ibi tí ara ti ń sọ pé ó tó gẹ́ẹ́. Dókítà yìí ló ń wọn òógùn. Ó pẹ́ lẹ́nu rẹ̀ débi pé Ìyá Òógùn ni wọ́n ń pè é, àwọn tí kò sì gbọ́ ọ dáadáa a máa rò pé oògùn ló ń tà, wọn a ní kó bá àwọn wá èyí tó dára fún ẹ̀yìn ríro.

Ó ṣílẹ̀kùn, ó wọlé tọ ọkùnrin náà lọ.

"Ṣé òtútù lẹ pè é?"

"Òtútù ni, mà." Ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ra ara wọn. Àpá iná àtijọ́ kan bo apá òsì rẹ̀ láti ìgúnpá dé ọrùn ọwọ́. Jẹ́jẹ́ ló ń sọ̀rọ̀, bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ.

Iwájú orí rẹ̀ gbẹ. Abíyá rẹ̀ gbẹ. Dókítà fọwọ́ kàn án léjìká, ó sì yára fa ọwọ́ padà. Awọ ara náà le, ó sì gbóná bí ìkòkò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná. Ó ti tẹmómítà bọ̀ ọ́ lábẹ́ ahọ́n. Nọ́ńbà rẹ̀ gòkè, ó kọjá ibi tí èèyàn ti ń dákú, ó kọjá ibi tí èèyàn ti ń kú, ó lọ dúró síbi tí nọ́ńbà tán sí. Ó wá ki rọ́bà àyẹ̀wò bọ etí, ó gbé ẹnu rọ́bà náà lé ọkùnrin náà láyà. Kì-kì-kì tí ọkàn máa ń dún kò sí níbẹ̀. Ohun tó gbọ́ dà bí iná ńlá tí wọ́n sé mọ́ inú ilé, tó ń wú hùùù, tí kò sinmi.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ sọ pé ara èèyàn lè gbà á?" ọkùnrin náà bi í.

"Gba kí ni?"

"Wọ́n ní ibí lọ̀rọ̀ náà ti wá. Ni mo bá ní kí n wá, kí wọ́n wọ̀n mí dáadáa."

Òórùn amọ̀ tó jóná ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Dókítà fi ẹ̀yìn rìn jáde, ó sì ránṣẹ́ pe Ọ̀jọ̀gbọ́n tó jẹ́ olórí ilé ìwádìí.

Ọ̀jọ̀gbọ́n dé, ojú rẹ̀ korò, nítorí wọ́n jí i lójú oorun ọ̀sán. "Tẹmómítà yín ló bàjẹ́," ó wí, ó sì wọlé lọ gbá ọrùn ọwọ́ ọkùnrin náà mú láti ka ìlù ọkàn rẹ̀. Ọkùnrin náà fi ọwọ́ kejì bo ọwọ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n mọ́lẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ ṣeun, sà. Ẹ̀yin gan-an ni mo ń wá."

Ọ̀jọ̀gbọ́n já ọwọ́ gbà. Àwọn méjèèjì bọ́ sẹ́nu ọ̀nà láti gba tẹmómítà mìíràn lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni yàrá náà ní, àwọn ni wọ́n sì dí i. Nígbà tí wọ́n yíjú padà, kò sí ẹnì kankan lórí àga. Erùpẹ̀ pupa díẹ̀ ló wà níbi tó jókòó sí, ìjókòó náà sì gbóná débi pé rọ́bà rẹ̀ ti ń yọ́.

"Ó ti gba ẹ̀yìn lọ," Ọ̀jọ̀gbọ́n wí. Ó ń fi ọwọ́ rẹ̀ nu ara ṣòkòtò, ó nù ún, ó tún nù ún. Yàrá náà kò ní ẹ̀yìn.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Dókítà yà sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé tí òun ń gbé òkè rẹ̀. Níwájú ìléru tí wọ́n fi ń sun táìsì, amọ̀ pẹlẹbẹ tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ yàrá, ni àbúrò yìí ti ń ṣiṣẹ́. Ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ìyẹn làwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi sọ ọ́ ní Bàbá Ìkókó. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá a lẹ́yìnkùlé, ó ń da omi lé ara rẹ̀ lórí tòun ti ṣẹ́ẹ̀tì. Ètè rẹ̀ ti là. Dókítà rò ó fún un bí ọ̀rọ̀ apanilẹ́rìn-ín, nítorí kò mọ ọ̀nà mìíràn tí òun lè gbà sọ ọ́ tí ara òun ò ní máa gbọ̀n. Nígbà tó dé ibi àpá ọwọ́ òsì, Bàbá Ìkókó gbé kete omi sílẹ̀.

"Àǹtí mi, ta ló sọ̀rọ̀ Jẹ́jẹ́ fún yín?"

"Ta ló ń jẹ́ Jẹ́jẹ́?"

"Ìléru kan náà la jọ ń bójú tó. Iná tó bẹ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn ló jó o lápá. Kì í sáré, kì í pariwo, ìyẹn la fi ń pè é bẹ́ẹ̀." Ó nu omi kúrò lójú. "Ó kú lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó kàn dédé dáwọ́ dúró níbi iṣẹ́, ó ní òtútù ń mú òun, kí n bá òun wá súwẹ́tà. A rò pé ó ń ṣeré ni. Àṣé ó ti ń lọ. Wọ́n ní àìsàn ọkàn ló pa á. Èmi wà lára àwọn tó gbé e sínú ilẹ̀."

Dókítà jókòó sórí pèpéle. Ó mọ òtútù yẹn. Bí ooru bá ti borí ara tán, òógùn a dúró, ọpọlọ a dàrú, ẹlòmíràn a sì máa gbọ̀n bí ẹni tí òjò pa.

"Wọn ò fún yín ní ìsinmi?"

"Ìsinmi ti tán. Alága ilé-iṣẹ́ wa pe ìpàdé, ó ní àwọn onímọ̀ nílé ìwádìí yín ti wádìí ẹ̀, pé ara èèyàn lè gbà á láti àárọ̀ títí di ọ̀sán láìjáde. Mo fẹ́ bi yín léèrè, mo wá ní bóyá ẹ̀yin lẹ mọ̀ jù."

Nǹkan kan gbóná láyà Dókítà, tí kì í ṣe ti Yàrá Ooru. Òun ló ṣe ìwádìí yẹn. Ohun tó rí ni pé bí èèyàn bá dúró díẹ̀ níwájú irú iná bẹ́ẹ̀, kó jáde, kó mumi, kó jókòó síbi tútù kó tó padà. Kò sọ ohun mìíràn. Kò tiẹ̀ lá a lálàá.

"Má lọ lọ́la," ó wí.

"Kí ọmọ mi máa mu afẹ́fẹ́?"

Bí ilẹ̀ ti mọ́, Dókítà kò kan ilẹ̀kùn Ọ̀jọ̀gbọ́n kó tó wọlé. Ó bá a níwájú fáànù, ẹ̀rọ amúlétutù ń ké lókè, ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì ti rin gbindin.

"Kí lẹ sọ fún Alága ilé-iṣẹ́ táìsì?"

"Dókítà, ara mi ò yá."

"Mo ní kí lẹ sọ fún un, sà."

Ọ̀jọ̀gbọ́n wo ojú rẹ̀, ó sì gbé ojú sílẹ̀. "Òun ló kọ́ ilé tí a wà nínú rẹ̀ yìí. Ó ní ìsinmi yẹn ti pọ̀ jù, iṣẹ́ ń dúró. Mo kàn fi díẹ̀ kún nọ́ńbà tí ẹ kọ ni. Kò sí ẹni tí díẹ̀ máa pa."

"Ó ti pa ẹnì kan. Ẹ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ lánàá."

Ọ̀jọ̀gbọ́n fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò jáde. Ó dìde, ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀, ó sì wó lulẹ̀ gbì.

Nígbà tí wọ́n fi máa gbé e dé yàrá àyẹ̀wò, ara rẹ̀ ti gbóná kọjá ti ibà. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kò sí kòkòrò ibà, kò sí àrùn kankan. Wọ́n gbé e sínú agbada omi dídì tí wọ́n fi ń tọ́jú ẹni tí ooru bá gbé ṣánlẹ̀ nínú Yàrá Ooru. Yìnyín yọ́ mọ́ ọn lára bí ìgbà tí èèyàn da iyọ̀ sínú ọbẹ̀. Dókítà kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbada, ó ń da omi lé e lórí, inú sì ń bí i. Ó lè dìde, kó sọ pé òun fẹ́ lọ mú nǹkan wá, kó má tètè dé. Èrò yẹn wá sí i lọ́kàn, ó sì pẹ́ níbẹ̀ kó tó lọ. Kò dìde.

"Ohun tí ẹnikẹ́ni ò ṣe fún Jẹ́jẹ́ ni mò ń ṣe fún yín yìí," ó sọ ọ́ sí i létí wúyẹ́wúyẹ́. "Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n."

Nígbà tí oòrùn wọ̀, ara rẹ̀ tutù fúnra rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó tún bẹ̀rẹ̀. Bí nǹkan ṣe ń lọ nìyẹn. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, iná á ràn lára rẹ̀; tó bá di ìrọ̀lẹ́, iná náà á kú. Àwọn dókítà ilé ìwòsàn ńlá wá, wọ́n mi orí, wọ́n lọ. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni ara rẹ̀ tutù látàárọ̀ ṣúlẹ̀, tó jẹun, tó sì bá ìyàwó rẹ̀ ṣeré. Lọ́jọ́ yẹn, Dókítà délé, ó bá àbúrò rẹ̀ tó gbé ìkókó lé àyà.

"O ò lọ síbi iṣẹ́?"

"Ìléru bàjẹ́. Wọ́n ní ó di ọ̀la kí wọ́n tó tún un ṣe."

Dókítà kò bọ́ bàtà. Ó padà sẹ́yìn, ó lọ bá Ọ̀jọ̀gbọ́n nílé, ó sọ fún un pé ìgbà tí ìléru bá ń jó nìkan ni ara rẹ̀ ń gbóná.

Ọ̀jọ̀gbọ́n kọ́kọ́ pè é ní ọ̀rọ̀ àwọn tí kò kàwé. Ṣùgbọ́n nígbà tó di àárọ̀, tí wọ́n tún tan ìléru, tí òógùn tún bò ó, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n gbé fóònù fún òun. Ó bẹ Alága. Ó ní kó dá iná dúró, pé òun ṣìnà, pé nọ́ńbà tí òun fún un kì í ṣe òótọ́. Ohùn fóònù náà ń jáde síta, Dókítà sì ń gbọ́ Alága tó ń jẹ nǹkan lẹ́nu bó ti ń dáhùn.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ ní ara lè gbà á. Ẹ gbà á mọ́ra."

Ó pa fóònù.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ní kí Dókítà wa òun lọ sí ilé-iṣẹ́ táìsì. Aṣọ tútù ni wọ́n fi wé e nínú mọ́tò, èéfín omi sì ń jáde lára aṣọ náà. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì mọ̀ ọ́n, ó ṣí i fún wọn. Inú ọgbà náà kún fún erùpẹ̀ pupa. Dókítà fi èjìká gbé e dé ẹnu ìléru, níbi tí àwọn ọkùnrin ti ń fa kẹ̀kẹ́ táìsì, tí ojú wọn pọ́n, tí ètè wọn funfun. Bàbá Ìkókó wà láàárín wọn. Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì rọra fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀.

"Irọ́ ni mo pa," Ọ̀jọ̀gbọ́n wí. Ohùn rẹ̀ kò lọ jìnnà, ó tún un sọ. "Ara yín ò lè gbà á. Mo mọ̀ ọ́n nígbà tí mo ń sọ ọ́. Ẹ jáde."

Kò sí ẹni tó mira. Bàbá Ìkókó ló kọ́kọ́ bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó sọ ọ́ sílẹ̀, ó sì kọjá síta láìbojúwẹ̀yìn. Ẹnì kan tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà gbogbo wọn ń jáde, wọ́n ń lọ síbi ẹ̀rọ omi, wọ́n ń bu omi bọ́jú, wọ́n ń jókòó sílẹ̀ lábẹ́ ògiri. Nínú ilé tó ṣófo yẹn, Dókítà gbọ́ tí ìléru ń wú hùùù. Ó mọ ohùn náà. Ó ti gbọ́ ọ rí láyà èèyàn. Ẹni tó ń bójú tó epo pa iná rẹ̀, ohùn náà relẹ̀, ó relẹ̀, ó dákẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n mí kanlẹ̀. Nígbà tí Dókítà fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀, ó tutù bí ti èèyàn.

Ọ̀jọ̀gbọ́n sunkún nínú mọ́tò títí wọ́n fi délé. Dókítà kò tù ú nínú.

Àwọn ọkùnrin yẹn kò padà síbi iṣẹ́. Wọ́n ní kí Alága kọ́kọ́ dá ìsinmi àwọn padà. Ìléru wà ní pípa fún ọjọ́ mélòó kan, Ọ̀jọ̀gbọ́n sì ń jáde sí ìloro, ó ń kí àwọn aládùúgbò. Dókítà ti ń rò ó pé bóyá ó ti tán.

Àfi bí fóònù rẹ̀ ṣe dún láàárọ̀ kan, bó ti ń pọn ìkókó àbúrò rẹ̀. Ìyàwó Ọ̀jọ̀gbọ́n ni. Ohùn rẹ̀ kò ju mímí lọ.

"Dókítà, ó tún ti bẹ̀rẹ̀. Ó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Awọ ọwọ́ rẹ̀ ti ń sán bí amọ̀."

Dókítà wo àbúrò rẹ̀ tó jókòó sórí pèpéle. Bàbá Ìkókó ti mọ ohun tó fẹ́ bi í. "Alága kó àwọn mìíràn dé lánàá," ó wí. "Láti ọ̀nà jíjìn. Wọn ò gbọ́ nǹkan kan. Ọmọdé ló pọ̀ jù nínú wọn."

Dókítà tú ọ̀já, ó gbé ìkókó fún bàbá rẹ̀. Ó mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò.

"Ẹ bu omi dídì sí i lára, mà," ó sọ fún ìyàwó Ọ̀jọ̀gbọ́n. "Ẹ máa bù ú, ẹ má dúró. Èmi ń lọ síbi tí iná wà."