Abẹ Olóòlà Asata

Obìnrin náà kúnlẹ̀ níwájú ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì bí ẹni ń bẹ àgbà. Yíǹkì dúdú ti kun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ òsì, Yorùbá ló sì fi ń bá ẹ̀rọ náà wí.

"Mo nù ọ́. Mo gbá inú rẹ. Mo fún ọ ní ìwé tuntun. Kí ló tún kù tí o fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi?"

Dayọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù náà ní Thinkers Corner, ìwé ìdánwò lábẹ́ apá rẹ̀, òjò ń kán láti etí fìlà rẹ̀. Ó ti pé oṣù mẹ́rin tí wọ́n gbà á síṣẹ́ olùkọ́ bàọ́lọ́jì ní ilé-ẹ̀kọ́ girama tó wà lódìkejì títì. Láti ìgbà náà, kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni fi Yorùbá bínú ní àdúgbò yẹn.

"Ẹ̀rọ Enugu lẹ̀ ń bá wí," ó ní. "Bóyá Ìgbò nìkan ló gbọ́."

"Mo ti fi Ìgbò bẹ̀ ẹ́ láàárọ̀." Obìnrin náà kò wẹ̀yìn. "Mo fi Pidgin bẹ̀ ẹ́ lọ́sàn-án. Ó ku kí n gbààwẹ̀ fún un." Ìgbà tó yíjú tó rí àlejò ló dìde. "Ẹ má bínú, sà. Ẹ̀dà mélòó?"

Ọgọ́rin ni. Ẹ̀rọ náà gbà láti ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ilà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba àárín gbogbo ìwé tó ń pọ̀ jáde. Motọ́lání, nítorí orúkọ rẹ̀ nìyẹn, pààrọ̀ ìwé lẹ́ẹ̀mejì. Ilà náà kò kúrò.

"Ẹ má dá ìwé lẹ́bi," Dayọ̀ sọ. "Gíláàsì inú rẹ̀ ló họ. Gbogbo ohun tó bá bí ni yóò máa ru ilà yẹn."

Ibi tí wọ́n ti ń dúró de ẹ̀dà ni obìnrin náà ti ka ìbéèrè kẹrin. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n ohun tó ń bèèrè ni pé: obìnrin kan tí ara rẹ̀ le bí ọmọkùnrin méjì, àwọn méjèèjì fara gbọgbẹ́, ẹ̀jẹ̀ wọn kò sì dì, báwo ni àjogúnbá ṣe mú un wá? Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ìwé náà.

"Tísà, ṣé òótọ́ ni nǹkan yìí? Àbí ẹ̀yin lẹ hùmọ̀ rẹ̀ kí ọmọ ọlọ́mọ lè fìdí rẹmi?"

"Òótọ́ ni."

"Ẹ ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, bí ẹni ṣàlàyé fún ẹni tí kò ka bàọ́lọ́jì."

Dayọ̀ mú ìwé méjì, ọ̀kan tó mọ́, ọ̀kan tó ní ilà. "Gbogbo ohun tí ara wa ń ṣe, àwọ̀ wa, gíga wa, bí ẹ̀jẹ̀ wa ṣe ń dì, àkọsílẹ̀ ló wà fún un. Ẹ̀dà méjì la máa ń jogún, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́, ara a sábà máa ka èkejì. Ṣùgbọ́n èyí tó wà fún ẹ̀jẹ̀ dídì yìí, ọmọkùnrin kì í rí i gbà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Ẹ̀dà kan ṣoṣo tí ìyá fún un ló ní. Bí ilà bá ti wà níbẹ̀, kò sí òmíràn tí yóò kà."

"Ìyá ọ̀hún ńkọ́?"

"Ó ní méjì. Èyí tó mọ́ lara rẹ̀ ń kà. Ó lè dàgbà kó darúgbó kó má mọ̀."

"Bó bá bí obìnrin ńkọ́?"

"Ìdajì-ìdajì ni. Ó lè gba èyí tó mọ́, ó lè gba èyí tó bàjẹ́, òun náà á sì máa gbé e lọ."

Motọ́lání ka ọgọ́rin ẹ̀dà náà pé, ó sì dì í sínú ọ̀rá kí òjò má baà pa á.

Láti ọjọ́ náà ni Dayọ̀ ti ní ìwé púpọ̀ tí yóò ṣe ẹ̀dà rẹ̀.

"Tísà," Motọ́lání sọ lọ́jọ́ kan, "ẹ ti ṣe ẹ̀dà ìwé ìbí yín lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ yìí. Ṣé wọ́n fẹ́ tún yín bí ni?"

"Wọ́n ní kí n mú ẹ̀rí wá pé mo wà láyé."

"Ẹ wà. Mo jẹ́rìí. Ẹ máa lọ sílé."

Orúkọ Ọláògún wà lórí ìwé náà gàdàgbà. Kò mú nǹkankan wá sọ́kàn obìnrin náà, nítorí ní ilé wọn, "ọkùnrin yẹn" ni wọ́n ń pe ẹni tó jẹ́ orúkọ yẹn rí.

Wọ́n di ẹni tí ń jẹ ọ̀kpá gbígbóná, oúnjẹ Ìgbò tó dà bí mọ́ínmọ́ín, pọ̀ lórí bẹ́ǹṣì iwájú ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ Sátidé. Ọkùnrin náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń gbọ́ tán kó tó dáhùn, ìyẹn sì tù ú lára. Òun ní tirẹ̀ máa ń fi àtàǹpàkò ọkùnrin náà ṣe yẹ̀yẹ́, tó kúrú, tó fẹ̀ lórí.

"Bí orí ìjàpá ló rí, olólùfẹ́ mi. Ta lo jogún èyí lọ́wọ́ rẹ̀?"

"Bàbá mi. Ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ fún mi kò ju ìyẹn lọ."

Nígbà tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ tí erùpẹ̀ pupa Enugu ń bo ewé igi, Dayọ̀ ní òun fẹ́ fẹ́ ẹ. Motọ́lání wo ilẹ̀ títí. Ó ti kọ ọkùnrin méjì sẹ́yìn, kò sì sọ ìdí rẹ̀ fún wọn. Ó ní, "Wá rí bàbá mi ná."

Alàgbà Felix Ọmọ́níyì ti ṣe akọ̀wé rélùwéè fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Inú ilé kan náà ní àdúgbò Asata ní Enugu ló ti ń gbé láti ìgbà tó ti gbéyàwó, alàgbà sì ni nínú ìjọ Yorùbá. Ó gba ìkíni Dayọ̀, ó ní kó jókòó. Ìyá Motọ́lání, Màmá Helen, gbé omi wá.

"Ọmọ ta ni ọ́?" bàbá náà bèèrè.

"Ọmọ Ọláògún ni mí, sà. Asata níbí ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi ló ń kọlà fún àwọn ọmọ ìjọ nígbà náà."

Alàgbà Felix dìde. Ó wọ yàrá. Nígbà tó jáde, ó gbé nǹkan kan tí aṣọ ìnujú wé sórí tábìlì, ó sì tú u. Abẹ kékeré kan ni, èèkù rẹ̀ jẹ́ igi, ojú ibi tí àtàǹpàkò ń tẹ̀ ti jẹ wọnú igi náà. Dayọ̀ mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó tú aṣọ náà tán.

"Abẹ tó pa ọmọkùnrin mi nìyí," ni bàbá náà wí. "Ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ. Ọjọ́ méjì ló fi ṣẹ̀jẹ̀. Mo gbà á lọ́wọ́ bàbá rẹ kó má baà fi pa tẹlòmíràn. Ṣé ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó kù fún mi lo wá mú?"

Kò gbé ohùn sókè. Dayọ̀ náà kò gbé ohùn sókè. Ó kí wọn, ó sì jáde.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni Dayọ̀ lọ́dún tí ọmọ náà kú. Ohun tó rántí kò ju pé ẹnikẹ́ni kò kanlẹ̀kùn ilé wọn mọ́. Bàbá rẹ̀ ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà láti àárọ̀ dalẹ́, ọwọ́ méjèèjì lórí eékún. Ọdún mẹ́rin ló fi jókòó bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn náà ó kú. Ìyá rẹ̀ mú un lọ sí Ọ̀fà, ohun tó sì máa ń sọ nípa ọ̀ràn náà kò ju gbólóhùn kan lọ: wọ́n fi nǹkan tí kò mọ̀ kàn án.

Ní ọjọ́ kejì Motọ́lání kò ṣí ṣọ́ọ̀bù. Òun ló wá bá Dayọ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n sì dúró sábẹ́ igi máńgòrò.

"Ohun kan wà tí bàbá mi kò sọ fún ọ," ó ní. "Wọ́n tún bí ọkùnrin lẹ́yìn ti àkọ́kọ́. Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà náà. Wọn kò pe olóòlà kankan. Dókítà ló kọ ọ́ nílà, pẹ̀lú irinṣẹ́ tí wọ́n bọ̀. Mo rí àwọn aṣọ nínú basíà, Dayọ̀. Omi inú rẹ̀ pupa fún ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n ní kí n sọ fún ará ìta pé ibà ló pa á."

Dayọ̀ gbé ìwé ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Àbúrò màmá mi ọkùnrin yọ eyín kan ní Ìlọrin, ibẹ̀ ló gbà kú. Ìdí nìyẹn tí mo fi bi ọ́ nípa ìbéèrè kẹrin." Ó nu imú rẹ̀. "Abẹ bàbá rẹ kò ṣe nǹkankan. Lọ sọ fún wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀tọ́ rẹ ni."

"Ìwọ náà ńkọ́?"

"Màá lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò. Ó tó àkókò."

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, nígbà tí ìsìn parí tí wọ́n ní kí ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ bá ìjọ sọ dìde, Dayọ̀ dìde. Ọ̀rọ̀ náà ti tò lẹ́nu rẹ̀. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ti ń tò. Ó wo iwájú, ojú rẹ̀ sì bọ́ sára Màmá Helen tó di ìwé orin mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, tó ń wò ó láìmira. Ó mọ ohun tí ẹnu ayé yóò fi òtítọ́ náà ṣe. Wọn kò ní sọ̀rọ̀ àjogúnbá. Wọn yóò ní ìyá ló jẹ ọmọ rẹ̀ méjèèjì.

"Mo kí ìjọ," ó ní. Ó sì jókòó.

Oṣù méjì kọjá kí èsì àyẹ̀wò tó dé. Motọ́lání gbé e lé e lọ́wọ́ lórí bẹ́ǹṣì ọ̀kpá. Ilà dúdú náà wà lára òun náà.

"Wá obìnrin mìíràn," ó ní. "Ọmọ kan ṣoṣo ni o jẹ́ fún ìyá rẹ. Bí mo bá bí ọkùnrin fún ọ, ìdajì-ìdajì ni. Ìwọ lo kọ́ mi."

"Mo gbọ́."

"O gbọ́, kí lo wá wí?"

"Pé mo gbọ́. Mi ò ní pé mo gbà."

Ó sọkún níbẹ̀, lójú ọjà. Ìyá tó ń ta ọ̀kpá yíjú sápá kan. Fún ọjọ́ mọ́kànlá lẹ́yìn náà kò gbé ìpè ọkùnrin náà. Ní ọjọ́ kejìlá, Màmá Helen fúnra rẹ̀ ló pè é, ó ní kó wá sílé ní ìrọ̀lẹ́.

Gbogbo wọn ló wà ní pálọ̀. Ìwé èsì náà wà lórí tábìlì. Alàgbà Felix kò wo ẹnikẹ́ni.

"O dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì," Màmá Helen sọ fún Dayọ̀. "O wò mí, o sì jókòó. Mo bi ọmọ mi ohun tó o fẹ́ sọ, ó sọ fún mi." Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Bàbá Motọ́lání, láti ara mi ni ẹ̀jẹ̀ yẹn ti wá. Mo ti fura láti ọjọ́ tí èkejì kú. Ẹ tú ẹrù yẹn kúrò lórí òkú ọlọ́kú."

Bàbá náà gbé ojú sókè. "Nígbà tí ti àkọ́kọ́ kú, àwọn ẹ̀gbọ́n mi wá láti ilé. Wọ́n ní àjẹ́ ni ìyàwó mi. Wọ́n ní kí n lé e, kí n fẹ́ ẹlòmíràn. Mo ní abẹ ló pa á. Ìgbà yẹn, mo gbà bẹ́ẹ̀." Ó fọwọ́ nu ojú. "Nígbà tí èkejì kú, mo mọ̀ pé irọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí mo bá ṣí i, wọn ó lé ìyàwó mi. Ẹrù náà ti wà lórí bàbá rẹ nígbà náà. Mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀."

"Ó rù ú dé ibojì, sà," ni Dayọ̀ wí.

"Mo mọ̀."

Ẹnikẹ́ni kò sọ pé ó tó. Màmá Helen ń sunkún láìdún. Dayọ̀ wo arúgbó náà, inú rẹ̀ sì korò. Síbẹ̀ ó mọ̀ pé òun náà ti jókòó nínú ìjọ nítorí obìnrin kan náà.

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e ni Alàgbà Felix dìde níwájú ìjọ. Ó ní òun fi irọ́ ba orúkọ Ọláògún olóòlà jẹ́, ó ní irú ẹ̀jẹ̀ tí kì í dì wà, ẹnikẹ́ni kì í sì í fi ọwọ́ ara rẹ̀ yàn án. Ó kọ̀wé fi ipò alàgbà sílẹ̀. Àwọn mìíràn sọ̀rọ̀ Màmá Helen lẹ́yìn, bí Dayọ̀ ṣe ti mọ̀. Ọkọ rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó mú un gba àárín wọn jáde.

Motọ́lání gbà níkẹyìn, wọ́n sì so yìgì òun àti Dayọ̀ lóṣù karùn-ún, nínú ìjọ kan náà, èrò kò pọ̀. Nígbà tó kan bàbá láti fa ọmọ lé ọkọ lọ́wọ́, Bàbá Felix fi ọwọ́ Motọ́lání sí ọwọ́ ọ̀tún Dayọ̀. Lẹ́yìn náà ó fi aṣọ funfun kan tó wé nǹkan sí ọwọ́ òsì rẹ̀.

"Ohun bàbá rẹ," ó ní. "Ó ti pẹ́ jù lọ́wọ́ mi."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, oòrùn ṣì ń wọ̀ lẹ́yìn òkè, Motọ́lání tú aṣọ náà lórí ibùsùn. Ó mú àtàǹpàkò ọkọ rẹ̀, ó gbé e lé ojú ibi tó jẹ wọnú igi èèkù. Ó bá a mu, kò kù síbì kan.

"Orí ìjàpá," ó ní jẹ́ẹ́.

Dayọ̀ fi àtàǹpàkò náà tẹ ibẹ̀.

"Bó bá jẹ́ ọkùnrin la bí ńkọ́?" Motọ́lání bèèrè.

"Mo ṣèlérí fún ọ. Abẹ kankan kò ní kàn án títí a ó fi mọ irú ẹ̀jẹ̀ tó gbé wá. Bó bá jẹ́ èyí tí kì í dì, abẹ kò ní kàn án láéláé."

"Ọmọ-ọmọ olóòlà, kó má kọlà." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, omi wà lójú rẹ̀. "Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á máa pè é ní Filístínì."

Dayọ̀ wé abẹ náà padà sínú aṣọ rẹ̀.

"Kí wọ́n máa pè é," ó ní. "A ó máa gbọ́ tó ń dá wọn lóhùn."