Òjò Dídì Inú Fìrísà

"Ìwọ tí o ò fojú rí òjò dídì rí, kí lo fẹ́ sọ fún wa nípa rẹ̀?"

Lará ló ń bá Ọmọ́bọ́lá, ọ̀rẹ́ rẹ̀, wí bẹ́ẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ àpátímẹ́ǹtì wọn ní Houston, ní oṣù kẹta ọdún 1986. Ọmọ́bọ́lá ń da yìnyín tí ó ha lára ògiri fìrísà ìyá rẹ̀ sórí pákó méjì tí ó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bí ẹ̀gbẹ́ òkè. Ó fi ẹ̀ka igi páìnì ṣíji bo ọ̀kan, ó fi èkejì sílẹ̀ fún oòrùn.

Ìdíje sáyẹ́ǹsì ilé-ìwé wọn ni ó ń múra fún. Ohun tí ó fẹ́ fi hàn ni pé, ní ọ̀pọ̀ òkè, òjìji igbó kì í jẹ́ kí òjò dídì yọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Omi a rọra wọlẹ̀, odò kò sì ní tètè gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹni tí ó bá gba ipò kìíní yóò lọ sí orí òkè Colorado, níbi tí òjò dídì wà. Ọkàn Ọmọ́bọ́lá kò sí níbòmíràn.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni ó ti dán an wò, yìnyín abẹ́ ẹ̀ka ló ń pẹ́ kí ó tó yọ́. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin yìí, abẹ́ ẹ̀ka ló kọ́kọ́ yọ́! Ó kọ iye ìṣẹ́jú rẹ̀ sílẹ̀.

"Yí i padà," ni Lará wí. "Nọ́ńbà kan péré. Ta ló máa mọ̀?"

"Èmi ńkọ́? Èmi kì í ṣe èèyàn?"

"Olórí kunkun! Ilé lo máa jókòó sí."

"Kí n jókòó síbẹ̀."

Nígbà tí Lará lọ tán, ìyá Ọmọ́bọ́lá ké láti ilé ìdáná: "Bọ́lá! Ṣé ìwọ lo ha fìrísà dé abẹ́ ẹja oníyọ̀ mi?"

"Èmi ni, mà. Ẹ má bínú."

"Kí lo fẹ́ fi yìnyín tí omi iyọ̀ ẹja ti ro sí ṣe?"

Ọmọ́bọ́lá di orí mú. Iyọ̀ a máa mú yìnyín yọ́ kíákíá, yìnyín ibẹ̀ gan-an ni ó sì kó sábẹ́ ẹ̀ka! Ọ̀la ni ìdíje. Kò sí àyè àtidán an wò mọ́. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sórí pátákó àlàyé rẹ̀, ìlà kan fún ìdánwò kan, àti ẹja àti iyọ̀.

Ní ọjọ́ kejì, àwọn ọmọ ilé-ìwé fi ẹja rẹ̀ ṣẹ̀sín. Adájọ́ mi orí. "Ìwọ ìbá ti yọ èyí kúrò," ni ó wí ní èdè Gẹ̀ẹ́sì.

"Rárá, sà. Bí mo bá fi ọ̀kan pamọ́, kí ni yóò jẹ́ kí ẹ gba mẹ́ta yòókù gbọ́? N kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo igbó rí. Ohun tí mo rí ni mo kọ."

Ipò kẹta ni wọ́n fún un. Ẹlòmíràn ló lọ sí Colorado. Ọmọ́bọ́lá sunkún díẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, ó sì nu ojú rẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, olùkọ́ wọn fẹ́ gbé pátákó àlàyé rẹ̀ kọ́ sí ilé ìkàwé, bí Ọmọ́bọ́lá bá lè gé ìlà kẹrin kúrò. Ọmọ́bọ́lá gba pátákó náà, ó há a sí abíyá.

"Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni, mà. Tàbí kí ó má sí rárá."

Àwọn àgbà ní òtítọ́ dé ọjà, ó kù tà. Owó lọ́wọ́ ni à ń ra èké. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ jẹ́ kí ó kù tà lọ́wọ́ yín. Ipò tí ènìyàn fi irọ́ gbà, kì í ṣe tirẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì mọ̀.