Okùn Pupa Létí Igbó

Abẹnugan lajú. Ilẹ̀ ti mọ́.

Abẹnugan kọ́ ni ìyá rẹ̀ sọ ọ́ o! Ẹnu rẹ̀ tí kì í sinmi ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó ń sọ̀rọ̀ bó ṣe ń wọ bàtà. Ó ń sọ̀rọ̀ bó ṣe ń fọ ẹnu.

Ẹnì kan wà tí ọ̀rọ̀ Abẹnugan kì í sú. Baba àgbà ni.

Ojú Baba àgbà ò ríran mọ́. Ó ní ọ̀pá kan. Ó sì ní Abẹnugan.

Láràárọ̀, àwọn méjèèjì máa ń rìn nínú igbó ẹ̀yìn ilé. Ọ̀pá á máa kan igi. Kọ́! Kọ́! Kọ́!

"Baba, ọ̀kẹ́rẹ́ kan ń wò wá!"

"Ó ń wò wá kẹ̀?" Baba àgbà á wí. "Bá mi kí i."

Kò síbi tí Baba àgbà fẹ́ràn tó inú igbó yẹn. Ọjọ́ tí kò bá rìn, oúnjẹ kì í wọ̀ ọ́ lẹ́nu.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìjì dé.

Fùùù! Fùùùùù! Fèrèsé ń gbá. Gbà! Gbà! Nínú igbó, igi ń wó. Gbìì! Gbìììì!

Abẹnugan kó sábẹ́ tábìlì. Baba àgbà náà kó sábẹ́ tábìlì.

"Sún díẹ̀," ni Baba àgbà wí.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, ìjì ti lọ. Abẹnugan àti Baba àgbà dé ẹnu ọ̀nà igbó.

Yéè! Igi ti dùbúlẹ̀ síbí. Igi ti dùbúlẹ̀ sọ́hùn-ún. Ẹ̀ka ńlá kan ti dá, ó ń fì lókè. Kín-ín... kín-ín...

Ẹ̀ṣọ́ igbó wà níbẹ̀. Obìnrin gíga ni, ó wọ bàtà òjò. Ó ń so okùn pupa mọ́ òpó.

"Ẹ káàárọ̀, Baba. A ti ti igbó o. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọlé."

"Ẹ ti igbó?" Baba àgbà bú sẹ́rìn-ín. "Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ dà?"

Ẹ̀ṣọ́ igbó náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kò tú okùn. "Baba, ọ̀rọ̀ ẹ̀rín kọ́. Ẹ̀ka igi ṣì ń já lulẹ̀. Ó dìgbà tá a bá gé gbogbo ẹ̀ kúrò. Ó máa tó oṣù mẹ́ta."

"Oṣù mẹ́ta!" Ẹ̀rín Baba àgbà tán. "Mo mọ ọ̀nà yẹn bí ẹní mowó. Wọn ò tíì bí ìwọ gan-an tí mo ti ń rìn ín."

"Òótọ́ ni, Baba. Àmọ́ ọ̀nà tẹ́ ẹ mọ̀ yẹn ò sí mọ́."

Baba àgbà di ọwọ́ Abẹnugan mú. Ó padà sílé.

Lọ́jọ́ kìíní, ó fajú ro. Lọ́jọ́ kejì, kò jẹun.

Lọ́jọ́ kẹta, Abẹnugan ní, "Baba, aláǹgbá kan wà lára ògiri!"

Baba àgbà ò ní kó bá òun kí i. Ó dun Abẹnugan gan-an.

Lọ́jọ́ kẹrin, Abẹnugan jí. Àga Baba àgbà ṣófo. Ọ̀pá rẹ̀ ò sí lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

"Màmá! Baba àgbà ti lọ!"

Abẹnugan bẹ́ síta. Kìtì, kìtì, kìtì! Màmá ń sáré bọ̀ lẹ́yìn, bàtà ẹsẹ̀ kan ló wọ̀.

Áà, Baba àgbà! Ó ti kọ etí ikún sí ẹ̀ṣọ́ igbó! Okùn pupa ga, ẹ̀yìn Baba àgbà sì ti tẹ̀. Abẹ́ okùn ló gbà kọjá. Kò tiẹ̀ mọ̀ pé okùn wà níbẹ̀.

Ó wà láàárín àwọn igi tó wó. Ọ̀pá rẹ̀ ń wá ọ̀nà. Kọ́? Igi ni. Kọ́? Igi tún ni.

Ẹ̀ka ńlá wà lókè orí rẹ̀. Kín-ín... kín-ín...

Àyà Abẹnugan já. Ó fẹ́ sáré wọlé. Rárá! Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọlé.

Ló bá dúró lẹ́yìn okùn. Ó lanu, ó figbe ta.

"Baba! Ẹ yíjú síbí!"

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni! Ẹ máa bọ̀ níbi tẹ́ ẹ ti ń gbọ́ mi. Ẹ gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún ga, igi wà nílẹ̀. Ó dáa! Ẹsẹ̀ òsì. Ẹ tẹrí ba. Ẹ máa bọ̀, Baba, ẹ máa bọ̀!"

Ẹsẹ̀ kan. Ẹsẹ̀ kan sí i. Baba àgbà na ọwọ́. Ó di okùn pupa mú.

GBÌÌÌÌÌ!

Ẹ̀ka ńlá já lulẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Abẹnugan dì mọ́ Baba àgbà. Ó bú sẹ́kún. "Ẹ̀rù bà mí!"

"Ẹ̀rù ba èmi náà," ni Baba àgbà wí. "Mo ṣe ohun tí kò dáa. Má bínú, ọmọ mi. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ìwọ lo gbà mí lónìí."

Màmá ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Baba o! Ṣé ẹ fẹ́ kó àìsàn bá mi ni?"

Ẹ̀ṣọ́ igbó sáré dé. Ó wo Baba àgbà. Ó wo okùn. "Èmi náà jẹ̀bi. Okùn yìí ga jù."

Ó tú u. Ó so ó wálẹ̀, kó má ga ju ìdí Baba àgbà lọ. Báyìí, kò sẹ́ni tó lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá láìmọ̀.

Baba àgbà fọwọ́ kàn án. Ó fọwọ́ tẹ̀ lé e díẹ̀. Sùùù.

Abẹnugan ń wo ọwọ́ yẹn. "Àǹtí, ibo ni okùn yìí ń lọ?"

"Ó gba etí pápá lọ, títí dé afárá."

"Ṣé igi lè wó dé etí pápá?"

"Rárá o. Ibẹ̀ jìnnà sí igi. Mo ti wò ó."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ so gbogbo ẹ̀ wálẹ̀! Baba á máa di okùn mú. Ìta igbó ni wọ́n á máa rìn. Wọn ò ní wọlé mọ́!"

Ẹ̀ṣọ́ igbó wo Màmá. Màmá wo ẹ̀ṣọ́ igbó.

"Ọmọ yìí gbọ́n o," ni ẹ̀ṣọ́ igbó wí.

Wọ́n mú òòlù. Kàn! Kàn! Kàn! Òpó kan tẹ̀ lé òpó kan. Okùn pupa gba etí pápá lọ, ó dé afárá.

Lọ́jọ́ kejì, Baba àgbà gbé ọwọ́ lé okùn. Sùùù. Ó ń rìn. Sùùù. Nínú igbó, ayùn ń gé igi. Fììììn!

Baba àgbà fa imú. "Mò ń gbọ́ òórùn igi tútù. Igbó mi ṣì wà níbẹ̀."

"Ó wà níbẹ̀, Baba."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Màá dúró dè é."

Nígbà tó délé, ó jẹ búrẹ́dì mẹ́ta. Ó tún bèèrè ìkẹrin.

Lọ́jọ́ kan, ọmọ télọ̀ tó wà ládùúgbò wọn rí wọn létí pápá.

"Baba, kí lẹ̀ ń ṣe?"

"Mò ń rìn láìlo ojú. Ṣé ìwọ lè ṣe é?"

"Ìyẹn náà le ni?" Ọmọ télọ̀ dijú. Ó gbé ẹsẹ̀ méjì. Pàù! Ó gbá mọ́ òpó.

Abẹnugan rẹ́rìn-ín, ó tún rẹ́rìn-ín. Òun náà dijú. Gbì! Ó fìdí jókòó sílẹ̀.

Àwọn ọmọ àdúgbò gbọ́ ẹ̀rín. Wọ́n sáré wá. Gbogbo wọn fẹ́ dijú. Gbogbo wọn ń ṣubú.

Baba àgbà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ rọra! Ẹ má dijú, kẹ́ ẹ wá máa sáré. Ẹ fẹsẹ̀ wá ilẹ̀ kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Ẹ jẹ́ kí okùn sọ fún yín."

Wọ́n tò. Ọwọ́ gbogbo wọn wà lórí okùn. Ojú gbogbo wọn wà ní dídì.

Ta ló mọ̀ ọ́n rìn jù nínú wọn? Baba àgbà ni! Òun ló ṣíwájú.

Sùùù. Sùùù. Sùùù.

Wọ́n rìn títí wọ́n fi dé afárá. Kò sẹ́ni tó ṣubú.