Ìsun Mọ́kànlá

Ọjọ́ kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í gba ohùn ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, sílẹ̀ ni ìsun omi méjì gbẹ. Káfíńtà tó ń gbé nísàlẹ̀ ilé wọn ló wá sọ fún wa. Ó ní òun pọn omi níbẹ̀ lánàá, àmọ́ láàárọ̀ yìí, àwọn ọ̀pọ̀lọ́ ti dùbúlẹ̀ sórí yanrìn, wọ́n yanu sílẹ̀.

Ilé tí wọ́n ń kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sí ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nílùú ńlá. Wọ́n rán mi padà sí abúlé wa lórí òkè, kí n gba orúkọ ìsun mọ́kànlá tó wà níbẹ̀ sórí ẹ̀rọ kó tó parun. Màmá nìkan ló kù tó mọ̀ wọ́n. Wọn kì í pọn omi kankan láì kọ́kọ́ pe orúkọ rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́.

Wọ́n kọ́kọ́ kọ̀. Wọ́n ní etí ẹni tó máa dúró ti omi ni wọ́n ń pe orúkọ náà sí. Mo ní ta ló fẹ́ dúró? Gbogbo àwa ọmọ la ti sọ̀ kalẹ̀ lọ sílùú, ẹ̀rọ kì í sì í gbàgbé. Torí pé wọ́n fẹ́ràn mi, wọ́n gbà.

Orúkọ méjì lóòjọ́. Tí wọ́n bá ti sọ ọ́ tán, tí mo ní kí wọ́n tún un sọ, ńṣe ni wọ́n á máa wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ èdè. Mo ní ogbó ló ń bá wọn jà. Àmọ́ lọ́jọ́ kẹta, mo bá káfíńtà gun òkè, mo ki ọwọ́ bọ ìsun tí wọ́n dárúkọ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Eruku ni mo bù jáde. Èyí tí wọn ò tíì dárúkọ, tí kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ sí i, ń ṣàn gẹ́gẹ́ bó ṣe ń ṣàn látijọ́.

Mo mọ̀ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ọ̀gá mi ń retí iṣẹ́ tó pé. Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo tún tẹ bọ́tìnnì.

Lọ́jọ́ kẹfà, ó ku ẹyọ kan, èyí tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná wọn. Màmá di ọwọ́ mi mú.

"Ṣé o ti rí i pé wọ́n ń gbẹ?"

Mo sún ẹ̀rọ mọ́ wọn.

"Mo ti mọ̀ tipẹ́. Mo kàn ń retí kí ìwọ fúnra rẹ sọ pé ó tó."

"Ó ku ẹyọ kan péré, Màmá."

Wọ́n sọ ọ́. Kí wọ́n tó pa ẹnu dé, ìró omi ẹ̀yìn ilé ti dákẹ́. Wọ́n wá fi pẹ̀lẹ́ bi mí pé ọmọ ta ni mí.

Mo sáré gbé ẹ̀rọ lọ sẹ́bàá ìsun náà, mo ní kó pe orúkọ náà padà. Ìró omi tó ń ṣàn nìkan ni mo gbọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni mọ́kọ̀ọ̀kànlá, kò sí ohùn èèyàn kan níbẹ̀.

Kí ọdún tó yípo, abúlé ti tú, mo sì mú Màmá wá sọ́dọ̀ mi nílùú. Níbi iṣẹ́ wa, àwọn àlejò máa ń dijú gbọ́ omi náà, wọ́n á ní ó tu àwọn lára. Wọ́n fún mi ní ìgbéga.

Yàrá ẹ̀yìn nílé mi ni Màmá kú sí. Ìyàwó mi ló wọlé lọ wẹ̀ wọ́n. Ó pẹ́ kó tó yọjú sẹ́nu ọ̀nà, ó sì rọra ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ kí ẹni tó wà nínú yàrá gbọ́.

"Garawa mẹ́ta ni mo ti dà sí wọn lára. Ara wọn ń fà á mu, ẹní abẹ́ wọn ṣì gbẹ."

Mo pọn ìkẹrin, mo wọlé.