Ayẹta Luqman Lẹ́nu Géètì Rélùwéè

Gbáun, gbáun, gbáun!

Bẹ́ẹ̀ ni aago géètì rélùwéè máa ń dún nítòsí Dùgbẹ̀ ní ọdún 1994. Géètì tuntun ni. Bí rélùwéè bá ń bọ̀, iná pupa a máa ṣẹ́jú, igi tó ń dí ọ̀nà a sì fúnra rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀.

Àwa ará Ìbàdàn ò kà á sí. Lójú wa, bí ìrù rélùwéè bá ti kọjá, òfin náà kọjá nìyẹn. Onímọ́tò á wọ́ yí igi ká bí ejò.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Luqman Aláyẹta àtàwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ méjì ja báǹkì kan lólè.

Tàù! Tàù!

Wọ́n bẹ́ sínú ọkọ̀ Pijó wọn, ó di fìììì.

Sájẹ́ǹtì Adéróunmú gbá tẹ̀ lé wọn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Luqman ti bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọ̀gá rẹ̀ ti là á mọ́lẹ̀ pé, "Bó bá tún lọ lẹ́ẹ̀kẹta, bọ́ aṣọ ìjọba sílẹ̀."

Àwọn olè bá géètì ní títì. Rélùwéè akẹ́rù ń wọ́ lọ. Bí ọlọ́pàá ṣe yọ lẹ́yìn wọn ni ìrù rẹ̀ kọjá.

Aago ò dákẹ́. Igi ò gbéra.

"Ọ̀gá, géètì ò tíì ṣí o," ọmọ ẹ̀yìn kan wí.

Luqman pòṣé. "Ìbọn tó jẹ́ ìbọn ò ràn mí, igi tí wọ́n kùn lọ́dà lo fẹ́ kí n bẹ̀rù?"

Ó yọrí síta. "Kú ìdúró o, Sájẹ́ǹtì. Ìjọba á san án fún ẹ."

Ó wọ́ yí igi ká. Takisí méjì tẹ̀ lé e, bíi pé òun ni afọ̀nàhàn wọn.

"Ẹ jẹ́ ká lọ, sà," Mark tó ń wa ọkọ̀ ọlọ́pàá bẹ̀bẹ̀. "Iṣẹ́ yín ló ń lọ yẹn."

Adéróunmú di apá rẹ̀ mú. "Dúró. Aago ṣì ń dún, ojú irin méjì ló sì wà níbí. Kí iṣẹ́ lọ, kí orí kù."

Fẹ̀ẹ̀ẹ̀m! Gbàgà!

Rélùwéè kejì ti òdì kejì dé, ó gbá Pijó nídìí, ó yí i bí òkòtó, ó jù ú sí gọ́tà. Takisí méjèèjì ń fi ẹ̀yìn rìn padà bí ẹni tí kò gbèrò ibi rí.

Ìgbà tí géètì ṣí ni Adéróunmú tó kọjá. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn ti nawọ́ sókè. Luqman, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti ṣẹ́, ó ń pọfọ̀ sí oǹdè ayẹta ìbàdí rẹ̀.

"Nígbà tí wọ́n ń ṣe é fún ẹ, ṣé wọ́n dárúkọ rélùwéè?" Adéróunmú bi í.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ẹsẹ̀ mi."

Ọ̀gá ti ń pariwo nínú wáyálẹ́ẹ̀sì tipẹ́: "Ṣé ó tún ti lọ?" Ìgbà yìí ni Adéróunmú tó fèsì:

"A ti mú Luqman, sà. Ẹ fi áńbúláǹsì ránṣẹ́. Ẹ kìlọ̀ fún dírẹ́bà rẹ̀, bó bá gbọ́ aago, kó dúró. Àwọn tó wà níbí ò tíì kọ́gbọ́n o. Aago tún ti dún báyìí, wọ́n sì tún ti ń wọ́ yí igi ká."