Sítáńdì Alùpùpù Jàfárù

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Ìdíátù nígbà tó pa irọ́ náà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, nílé wọn ní Ìgàndó, ó gun orí alùpùpù bàbá rẹ̀, ó ń ṣe bí ẹni tó ń wà á lọ sí Àgbàdo. Alùpùpù ṣubú, sítáńdì rẹ̀ sì wọ́. Nígbà tí bàbá rẹ̀, Jàfárù bíríkìlà, béèrè ẹni tó ṣe é, Ìdíátù nawọ́ sí Múdàṣírù, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tó wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n na Múdàṣírù. Ó búra pé òun kọ́. Wọ́n gbé ẹrù rẹ̀ lé e lórí, wọ́n lé e jáde.

Ọdún méje kọjá. Owó Údójì, àfikún owó oṣù tí ìjọba san fáwọn òṣìṣẹ́, ti jáde, ilé ń hù bí olú ní Ayọ̀bọ̀ àti Ìṣẹ̀rí-Olófin, iṣẹ́ kò sì jẹ́ kí Jàfárù sinmi. Alùpùpù náà ti darúgbó. Sítáńdì rẹ̀ ń mì bí eyín àgbà. Láràárọ̀ ni Jàfárù ń fi rọ́bà so ó kó má baà máa wọ́ nílẹ̀. Bó bá dé ibi iṣẹ́, ara ògiri ló ń fi í tì.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, sítáńdì náà yẹ̀. Alùpùpù wó lu Jàfárù lẹ́sẹ̀, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wú.

Ìyá Ìdíátù ní, “Bàbá Ìdíátù, ẹ jẹ́ kí Múdàṣírù bá yín tún un ṣe jàre. Ìkọ̀tún níbí ló ti ń tún alùpùpù ṣe báyìí.”

“Kí n bá ẹni tó búra èké lọ? Kàkà bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ kan ni n óò máa fi fò lọ síbi iṣẹ́!”

Nígbà tí Jàfárù sùn lọ́sàn-án, Ìdíátù ti alùpùpù náà dé ṣọ́ọ̀bù Múdàṣírù ní Ìkọ̀tún. Aṣọ rẹ̀ rin gbingbin fún òógùn.

Múdàṣírù wò ó. “Háà, oníka gígùn! Ìka tó o fi júwe mi dà? Àbí ó ti kán?”

Ìdíátù kò lè rẹ́rìn-ín. Múdàṣírù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ mi sítáńdì náà.

“Bóòtù tó de sítáńdì yìí nìkan ni wọ́n ń pààrọ̀. Ihò rẹ̀ ti jẹ, ó ti gùn bí ẹyin. Àfi ká jó irin dí i, ká lu ihò tuntun tó ṣe rẹ́gí, ká sì fi sípíríǹgì mìíràn sí i.”

“Ẹ bá wa ṣe é, Bọ̀dá Múdà.”

“Èmi kọ́. Ẹni tó lé mi ni kó tì í wá.”

“Ẹsẹ̀ wọn wú, sà.”

“Ẹ̀yìn tèmi náà wú nígbà yẹn.” Ìdíátù fẹ́ jẹ́wọ́, Múdàṣírù dá a dúró. “Èmi kọ́ ló yẹ kó o sọ ọ́ fún. Máa lọ.”

Ó tún ti alùpùpù padà. Apá ń ro ó, ẹsẹ̀ ń ro ó. Lójú ọ̀nà, ó ń rò ó pé òun lè sọ pé Múdàṣírù kò sí ní ṣọ́ọ̀bù. Ta ló máa mọ̀?

Bàbá rẹ̀ jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú omi gbígbóná.

“Ọ̀dọ̀ rẹ̀ lo lọ, àbí? Ó sì kọ̀! Mo mọ̀. Ìkà ni ọmọ yẹn láti kékeré.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà” ti dé orí ahọ́n Ìdíátù. Wọ́n ní bí irọ́ lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ṣùgbọ́n òtítọ́ kì í dá rìn; ẹni tó mọ̀ ọ́n ló gbọ́dọ̀ gbé e. Bí a bá dákẹ́ tí aláìṣẹ̀ ń jìyà, àwa gan-an là ń jẹ ẹ́ níyà. Ìdíátù di alùpùpù náà mú ṣinṣin, nítorí sítáńdì rẹ̀ kò lè gbé e dúró.

“Bàbá, Bọ̀dá Múdà ò búra èké. Èmi ni mo gun alùpùpù yín lọ́jọ́ yẹn. Èmi ni mo bì í ṣubú, tí mo purọ́ mọ́ wọn.”